Ẹnu Ọ̀nà tí Bàbá Mi Jókòó Sí

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí bàbá mi bá ti mọ́sálásí dé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kì í padà lọ dùbúlẹ̀ bíi ti ọjọ́ mìíràn. Yóò gbé àga onírin rẹ̀ kúrò ní pálọ̀, yóò gbé e dí ẹnu ọ̀nà àbájáde ilé wa ní Mọdákẹ́kẹ́, yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, yóò sì máa fa tẹ̀súbáà rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Bí ìyá mi bá fẹ́ lọ ra nǹkan ọbẹ̀, yóò kó ẹsẹ̀ jọ kí ó lè kọjá. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa bá fẹ́ jáde, yóò kó ẹsẹ̀ jọ fún àwọn náà, yóò sì dá wọn lóhùn bí wọ́n bá kí i. Èmi nìkan ni kì í kó ẹsẹ̀ jọ fún. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé.

Kì í nà mí. Kò nà mí rí láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́mọdé, kò sì ṣépè fún mi. Mo ní láti tètè sọ èyí nítorí pé àwọn ènìyàn ti sọ oríṣiríṣi ìtàn nípa bàbá mi, èmi náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ládàánì ni bàbá mi, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Àgbẹ̀ kòkó ni tẹ́lẹ̀, kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bàbá tirẹ̀ náà ti pe ìrun ní mọ́sálásí kan náà, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé ó ń tọ́jú ohùn rẹ̀ pa mọ́ fún mọ́sálásí ni.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ilé kéú ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ mi ní ìwé kíkà, mo sì mọ̀ ọ́n kà débi pé àwọn àlùfáà ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọkùnrin. Ìgbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni mo di Kristẹni. N kò rí ìran, n kò sì lá àlá. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń gbé yàrá ló máa ń gbàdúrà láàárọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀, màá máa gbọ́ ọ. Ó ń sọ fún Jésù pé inú òun ò dùn sí ìyá òun, pé ìdánwò ń ba òun lẹ́rù, pé kó bá òun ṣí ojú rere wo èmi tí mo wà lórí ibùsùn kejì. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè bá Ọlọ́run sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìwẹ ọwọ́, láìwẹ ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tèmi fún un. Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré.

Mo fi pa mọ́ fún àwọn òbí mi títí mo fi parí ẹ̀kọ́, tí mo sì ríṣẹ́ sí ilé ìwé aládàáni kan ní Mayfair, nínú Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀, bí a ti fẹ́ ṣínu, bàbá mi rí i pé mo jókòó jìnnà sí abọ́ oúnjẹ.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?" Ó bi mí.

"Ara mi yá, Bàbá. N kò gbààwẹ̀ ni."

"Kí ló fà á?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Jésù ni mo ń tẹ̀ lé báyìí."

Dàbínù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì fi í sẹ́nu. Ó ní, "Ànábì Ìsá ńkọ́? Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ta ló ní kí o má fẹ́ràn rẹ̀?"

"Ọ̀nà tí mo gbà ń tẹ̀ lé e yàtọ̀, Bàbá. Mo ti ṣe ìrìbọmi."

Ó wo ìyá mi, bí ẹni pé ìyá mi lè túmọ̀ ohun tí mo wí fún un. Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Ó wá rọra dá dàbínù náà padà sínú àwo, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tún bá mi sọ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní, "Gbogbo àdúgbò ni mò ń pè. Ọmọ tèmi ni kò jẹ́ ìpè."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga dí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò bá yodì rí lè rò pé nǹkan kékeré ni. Láàárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i bó ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá kànga. Yóò fọ ọwọ́, yóò fi omi yọ ẹnu, yóò fọ imú, yóò fọ ojú, n óò wà lórí ìkúnlẹ̀, yóò gbé bùtà rẹ̀, yóò sì kọjá. Bí ó bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán mi, ìyá mi ni yóò sọ fún. A lè jọ wà ní pálọ̀ kan náà, kó ní, "Ìyá ilé, ẹ sọ fún un pé gáàsì ti fẹ́ẹ̀ tán." Ìyá mi yóò wá kọjú sí mi: "Gáàsì ti fẹ́ẹ̀ tán o." Kò ní kí n má jẹun, kò sì ní kí n kó jáde. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìpè ìrun lọ, láti orí mọ́sálásí, èyí tó ń pe gbogbo ayé. Mo máa ń dúró gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé bí mo ti ń gbọ́ ọ náà ni kò dára lójú àwọn ará ìjọ mi.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò háyà yàrá síbòmíràn. Mo rò ó títí. Mo dábàá rẹ̀ fún ìyá mi lẹ́ẹ̀kan, ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bí o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde nílé yìí láìlọ́kọ, bàbá ẹ ò ní lọ́mọ kan tó ń jẹ́ ìwọ mọ́." Pásítọ̀ mi náà ní kí n má kúrò, ó ní inú òkùnkùn ni fìtílà ti wúlò. Èmi fúnra mi sì ní ìdí tèmi. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà àdúgbò ń sọ nípa ẹ̀sìn tí mo gbà, pé ó máa ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí ni. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni yóò fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Báyìí ni mo ṣe jókòó. Odi ẹ̀yìn ilé wa kò ga púpọ̀, ọmọ tó lágbára lè fò ó. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé yàrá mi lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí mo ti wẹ̀, tí mo ti wọṣọ, tí n kò rí ibì kankan lọ. Màá ṣí Bíbélì mi, màá rọra kọ orin kan nínú ọkàn mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́ síta, yóò dé etí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ìjọ tí mo ń lọ kò jìnnà sí ilé ìwé wa. Ọjọ́rú ni mo ń ráyè lọ, bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́sàn-án, nítorí pé wọ́n ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń bá wọn kọ́ àwọn ọmọdé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn mi níbẹ̀. Pásítọ̀ a máa ní kí n dìde.

"Ẹ wo arábìnrin yìí," ni yóò wí. "Ẹ̀yin tí òjò lásán ò jẹ́ kí ẹ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n ń ṣe inúnibíni sí i nínú ilé bàbá rẹ̀, kò yẹsẹ̀. Ìyà tí Kristẹni bá jẹ nítorí Olúwa, ọ̀ṣọ́ ni!"

Wọn yóò pàtẹ́wọ́. Ní àkọ́kọ́, ó ń tù mí nínú. Ẹni tí wọn kì í dáhùn ìkíni rẹ̀ nílé, bí igba ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ fún un, ara rẹ̀ yóò yá. Ìyàwó pásítọ̀ máa ń gbá mi mọ́ra, á ní, "Ọmọ mi, fara dà á. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba adé rẹ." Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé bí mo bá ní nǹkan le díẹ̀ nílé, ojú wọn a mọ́lẹ̀. Bí mo bá sì ní nǹkan dẹ̀, pé bàbá mi rán ìyá mi kó fún mi lóògùn nígbà tí ibà ń ṣe mí, wọn a ní, "Ẹ yin Olúwa," wọn a sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọkùnrin kan wà nínú ìjọ náà tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Òkè-Ògbò. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ọ́ìlì, kì í sì í pariwo àdúrà. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ fi mí ṣaya, mo sì gbà. Ẹbí rẹ̀ wá sí ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ àti èso nínú apẹ̀rẹ̀, láti wá mọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí àṣà. Bàbá mi rí wọn lókèèrè. Ó dìde, ó gbé bùtà rẹ̀, ó jáde, ó gba ọ̀nà kejì lọ sí mọ́sálásí, kò sì padà títí jíjókòó fi sú wọn. Ìyá mi fi bísíkíìtì àti omi ṣe wọ́n lálejò. Ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ń wo ẹnu ọ̀nà nígbà gbogbo. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Kò burú, ìyàwó wa, a ó tún padà wá." Wọ́n padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bákan náà ló rí.

A gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ìjọ lọ. Alàgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni olórí wọn. Ó ní, "A kì í so ènìyàn pọ̀ láìsí bàbá ìyàwó. Òfin ìjọ wa ni. Bàbá rẹ gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó sọ níwájú wa pé òun fọwọ́ sí i."

"Sà, ẹ mọ̀ pé bàbá mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì," ni mo wí. "Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kí n jẹ́rìí nípa rẹ̀."

"Nítorí náà, máa gbàdúrà."

"Bí kò bá wá ńkọ́, sà?"

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Ṣé o ti gbàgbé pé Ọlọ́run tìẹ kì í kùnà?"

Nígbà tí a jáde síta, ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ní, "Jẹ́ ká lọ ṣe é ní kọ́ọ̀tù." Mo ní rárá. Ó bi mí pé nítorí kí ni. Mo sọ fún un pé n kò fẹ́ kí bàbá mi gbọ́ ọ lójú títì pé ọmọ òun ti lọ́kọ. Ó ṣa igi kékeré kan, ó ń fi ha ọ́ìlì kúrò ní ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá ẹ ò gbà, ìjọ ò gbà, ìwọ náà ò gbà. Èwo ni kí n wá dúró dè?" Síbẹ̀, ó dúró dè mí. Ilé ìwé, ẹ̀kọ́ Bíbélì, yàrá mi, ojú fèrèsé: bí ọdún ṣe ń yí nìyẹn. Àwọn tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ ń kó ọmọ wá sí kíláàsì mi.

Lẹ́yìn náà ni ìjọ wa ṣe ìsọjí ńlá kan. Wọ́n ta kánópì sí pápá, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n sì pe oníwàásù kan láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, a sì ti wà ní ìsinmi ilé ìwé. Pásítọ̀ ní kí n múra láti jẹ́rìí. Mo ti rò pé n óò sọ bí mo ṣe kọ́ àdúrà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí mo dé orí pèpéle, oníwàásù náà kò tíì fún mi ní gbohùngbohùn. Ó kọ́kọ́ fà mí lọ́wọ́ síwájú ogunlọ́gọ̀.

"Ẹ wo ọmọbìnrin yìí!" ló pariwo. "Ṣéènì ni bàbá rẹ̀ fi dè é mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn! Ó yọ ọ̀bẹ sí i, ó ní kó sẹ́ Jésù! Ẹ bi mí léèrè pé ṣé ó sẹ́ ẹ!"

"Ṣé ó sẹ́ ẹ?" Gbogbo wọn hó.

N kò mọ ẹni tó sọ ìyẹn fún un. Mo rò pé kò sẹ́ni kan pàtó. Ọ̀rọ̀ náà ti gba ẹnu púpọ̀ kọjá ni, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ti bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Wọ́n fi gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Mo wo iwájú, mo rí obìnrin onígàrí kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ilé wa. Kristẹni lòun náà, ó jókòó lábẹ́ kánópì, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó mọ bàbá mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń dúró gbọ́ ohun tí n óò sọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi ò fi ṣéènì dè mí. Kò yọ ọ̀bẹ sí mi. Kì í bá mi sọ̀rọ̀, kì í sì í jẹ́ kí n wá síbí lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń dùn mí gan-an, àmọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn dáadáa ni bàbá mi. Mùsùlùmí ni. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un."

Ẹ̀rọ náà ni mo ń gbọ́, tó ń hó ṣìì. Oníwàásù náà gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́, ó sì dá orin sílẹ̀.

Pásítọ̀ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju bó ṣe bínú lọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro fún mi. Ó ní, "O dójú tì wá níwájú àlejò wa."

"Irọ́ ni ohun tí wọ́n sọ, sà."

"Àbùmọ́ díẹ̀ ni. Ṣé o mọ iye ọkàn tí ì bá yí padà lónìí?" Ó mí kanlẹ̀. "Bí o ti ń gbèjà rẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí fún ọ. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ilé ẹ̀wọ̀n rẹ̀, kò ní pẹ́ gbàgbé ẹni tó fẹ́ dá a sílẹ̀."

Mo fẹ́ sọ fún un pé bàbá ẹni kì í ṣe wọ́dà. Ó ní kí n fi kíkọ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀ ná, kí n sinmi.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé Mọdákẹ́kẹ́, ó ti yí padà. Obìnrin onígàrí sọ òtítọ́ fún àwọn tó bi í, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ gbọ́ ni pé ọmọ ládàánì gun pèpéle ìsọjí, ó sì ń wàásù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, èyí tí í ṣe Jímọ̀, mo ń bọ̀ láti ọjà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ìyànà wa nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan ni. Mo rò pé bàbá mi ti ṣubú. Mo sáré délé, mo bá a ní pálọ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó dá orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ìpè náà títí dé òpin. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ìyá mi fà mí wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti gba ìpè ìrun lọ́wọ́ bàbá ẹ," ló wí. "Ṣé inú ẹ dùn?"

"Nítorí mi?"

"Nítorí ta ni? Láti ọdún tí o ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn àgbà mọ́sálásí ti ní kí bàbá ẹ lé ẹ jáde. Wọ́n ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀sìn, báwo ló ṣe fẹ́ máa pe àwọn wá sí ìrun? Bàbá ẹ ní òun ò lè lé ọmọ òun. Bàbá ẹ, tí kì í bẹ ènìyàn, ó bẹ̀bẹ̀! Ó ṣèlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò ní rí ẹ kí o gbé Bíbélì jáde nílé yìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìdí tó fi ń jókòó síbẹ̀ nìyẹn. O rò pé ó ń dùn mọ́ ọn ni? Ṣé o mọ bí orúnkún yẹn ṣe máa ń ro ó tó bá dìde?"

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ. Ó ní bí o bá mọ̀, o ó kó jáde nítorí tòun."

Mo jókòó lórí àpótí ìdáná. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi ni mo rò pé mo ń jìyà nítorí Ọlọ́run nínú ilé náà. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí rẹ̀. Ẹnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri tí òun náà ń jìyà nítorí Ọlọ́run tirẹ̀ àti nítorí mi, tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún. Òtítọ́ tí mo sọ láti fi gbà á sílẹ̀ ló sì tì í ṣubú. N kò rí ibi tí mo lè gbà tí n kò ní tẹ ẹnì kan mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi tún gbé àga rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìlérí kankan tó tún ń ṣọ́ mọ́. Mo rò pé kò mọ ohun mìíràn tó lè fi òwúrọ̀ náà ṣe ni. Mo wọṣọ, mo gbé Bíbélì mi, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó fa tẹ̀súbáà rẹ̀ bíi mélòó kan. Ó wá ní, "Ìyá rẹ ò lè pa ẹnu mọ́."

Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ nítòsí kéré ju bí mo ti rántí rẹ̀ lọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kó jáde, Bàbá. Bóyá wọn á dá yín padà."

"Wọn ò ní dá mi padà. Wọ́n á kàn ní mo ti ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Ṣé kí n wá pàdánù méjèèjì?"

"Ẹ ò bínú sí mi mọ́?"

"Inú ń bí mi." Ó wò mí lójú. "Inú ń bí mi gan-an. Mo fẹ́ rí ẹ ní àlùjánnà. Bí mo bá dé ibẹ̀ tí n kò rí ẹ, kí ni màá wá ṣe?"

"Èmi náà ń rò ó nípa tiyín bẹ́ẹ̀, Bàbá. Lójoojúmọ́."

Ó mi orí. Ó jọ ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Nígbà náà, a jọ ń dára wa lóró ni," ló wí. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àyè sílẹ̀.

Mo jáde. Nígbà tí mo dé ìyànà, mo dúró. Ọ̀nà ti là, n kò sì mọ ibi tó yẹ kí n lọ. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbàdúrà fún òwúrọ̀ yẹn, ó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí àwọn tí mo fẹ́ lọ bá ti yọ mí kúrò nínú iṣẹ́. Mo lọ náà ni. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Pásítọ̀ kí mi dáadáa. Kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe rí ọ̀nà wá lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Bàbá mi náà ní òun kò lè lọ dúró níwájú wọn, pé òun ò ní ṣe ohun tí yóò dà bí ẹni pé òun fẹ̀sìn ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ àfẹ́sọ́nà mi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tún wá, kò gbé bùtà. Ó jókòó, ó gbọ́ tiwọn, ó sì bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀ńjìnnì ti kú pátápátá. Kọ́ọ̀tù ni a ti ṣègbéyàwó, nínú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Bàbá mi ní kọ́ọ̀tù kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ agbádá funfun rẹ̀, ó sì wá jókòó. Kí a tó jáde nílé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣe àdúà gígùn kan ní èdè Lárúbáwá, mo sì ń ṣe àmín sí i nítorí mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láti ilé kéú. Ẹnì kan lọ sọ ọ́ fún ìjọ. Wọ́n ní kí èmi àti ọkọ mi má ṣe jẹ oúnjẹ Olúwa fún sáà kan, nítorí kọ́ọ̀tù àti nítorí àmín náà. A gba ìbáwí náà. A ṣì ń lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lè ya àwọn kan lẹ́nu.

Wọn kò dá bàbá mi padà sí ipò rẹ̀. Ó ń kírun nínú sàáfù, ìlà tí àwọn tó ń kírun tò sí, bí gbogbo ènìyàn, lórí àga nítorí orúnkún rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun. Ìyá mi ló sọ fún mi. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kò jẹ́ sọ ọ́ láé.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan wá bá mi nílé wa ní Òkè-Ògbò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onígbàgbọ́ ni, láti agboolé ńlá kan nínú Ifẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ìṣẹ̀ṣe. Wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé jíjáde rẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ ló ní kó wá bá mi, pé èmi mọ ọ̀nà ìfaradà. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó bi mí pé, "Mà, ṣé kí n fara dà á ni, àbí kí n kó jáde?"

Mo ro gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi rí. Mo wá bi í pé, "Ta ló tún ń jìyà nínú ilé yẹn lẹ́yìn ìwọ?"

Kò yé e. Ó ní òun nìkan ni. Mo bi í nípa ìyá rẹ̀, àwọn ohun tí àwọn ará agboolé ń sọ fún ìyá náà. Ó ní òun kò mọ̀, òun ò béèrè. Mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn sí mi, pé kì í ṣe ìdí tó fi wá nìyẹn. Mo gbàdúrà fún un, mo fún un ní oúnjẹ, ó jẹ díẹ̀. Mo sìn ín dé ojú títì, a dá ọ̀kadà dúró, mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kó sì padà wá sọ fún mi. Kò tíì wá.